Wáìnì Nínú Pálọ̀ Yèyé

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kórìíra àbúrò mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mo bá ti bọ́ Yèyé tán, tí mo nu ẹnu wọn, tí mo pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n tọ̀ sí, màá jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá tan fóònù, màá sì lọ wo sítátọ́ọ̀sì Ìfẹ́dayọ̀. Ta ló rán mi? Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ṣe ara mi.

Ìfẹ́dayọ̀ ti wà ní Bẹ́ljíọ̀mù láti ọdún mẹ́jọ, ó ní ọ́fíìsì lòun ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo Sátidé ló máa ń gbé fídíò síbẹ̀: ife onídìí tẹ́ẹ́rẹ́, wáìnì pupa nínú ọ̀kan, funfun nínú èkejì, àti àwo pẹrẹsẹ kan tí wọ́n to ṣokoléètì sí bíi bọ́tìnnì aṣọ. Á yí ife náà po, á ki imú bọ̀ ọ́, á fà á mu díẹ̀, á dijú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbà mí o, á tu ú dànù sínú korobá kékeré kan! Èmi tí mò ń fi ṣíbí bọ́ ìyá wa l'Áyédé, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má tu ògì sí mi láyà, èmi náà ni mò ń wo ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ tu ohun dídùn. Màá bú u lábẹ́nú, màá bú u dáadáa, lẹ́yìn náà màá wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé, "Jayé lọ, àbúrò mi."

Ọdún méje nìyí tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Yèyé. Ọwọ́ òsì ò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ òsì ò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wọn pátápátá, àfi "ùn, ùn" tí wọ́n máa ń ṣe. Adó ni mo wà nígbà yẹn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin. Mo ní kí n wálé wá tọ́jú wọn fún oṣù kan péré. Ẹ ò rí oṣù kan! Máṣíìnì kan ṣoṣo ni mo gbé wá, òun náà ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dòní. Bàbá wa ti kú, àwa méjì péré ni Yèyé bí. Ọ̀kan wà ní Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀kan wà nídìí bẹ́ẹ̀dì.

Kí ẹ tó sọ pé ọmọ dáadáa ni mí, ẹ dúró ná. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní ọmọ dáadáa mọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí mi lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á gbá mi léjìká pẹ́pẹ́, wọ́n á ní, "Bímpé, Ọlọ́run á san án fún ọ," wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ohun tí èmi ń fẹ́ ni kí n lọ sílé ọkọ.

Ọkọ ọ̀hún sì wà. Kọ́lápọ̀ lorúkọ ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Iye. Ìyàwó ẹ̀ kú, wọn ò bímọ. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ló ti kọnu sí mi, mo jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógójì nígbà náà. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí. Ẹ mọ ohun tí obìnrin máa ń rò láàárín iye ọdún bẹ́ẹ̀, mi ò ní í sọ ọ́. Ilé tó kọ́ sí Iye ní yàrá kan tí èèyàn ò ní í gun àtẹ̀gùn kankan kó tó wọ̀ ọ́, ó kàn sí ilé ìwẹ̀. Ó ní, "Bímpé, mú Yèyé dání kí ẹ jọ máa bọ̀." Mo ní kò lè ṣeé ṣe. Ó ní kí ló dé? Mo ní Yèyé ò ní í gbà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Lọ́dọ̀ tiwa, obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ti kọ́lé fún, ilé yẹn ló ń retí pé kí òun kú sí. Kí ìyá lọ kú sílé ẹni tó fẹ́ ọmọ ẹ̀, ẹ̀tẹ́ ni. Àwọn èèyàn á ní ṣé kò nílé ni? Nígbà tí Yèyé ṣì ń rìn, ìyá Festus tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa lọ bá ọmọ wọn obìnrin ní Ìkọ̀lé. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí, ọkọ̀ ló gbé òkú wọn wálé, iwájú ilé wa ló sì gbà kọjá. Yèyé dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n kú sí ulé àna." Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá tán lẹ́nu wọn, gbólóhùn yẹn ló kù sí mi lọ́wọ́, mo sì dì í mú bí ẹni di ìwé ilẹ̀ mú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dárúkọ Iye, òun ni mo máa ń fà yọ.

Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ ní ó ti tó gẹ́ẹ́. Ó ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọdún Àjíǹde ni àwọn ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa. Bí àwa ò bá ṣe tán lọ́jọ́ náà, àwọn ti rí olùkọ́ obìnrin kan ní Ìdó tí ò ní wàhálà lẹ́yìn. Kọ́lápọ̀ fúnra ẹ̀ ló pè mí sọ ọ́ fún mi, ohùn ẹ̀ tutù. Kò bẹ̀ mí. Ìgbà tó ń bẹ̀ mí yẹn sàn fún mi ju báyìí lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìfẹ́dayọ̀ pè pé òun ń bọ̀ wálé wá ṣọdún Àjíǹde, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lòun máa lò. Háà! Mo jó. Mo jó láàárín pálọ̀, Yèyé ń wò mí láti orí àga onítáyà wọn. Mo ti tò ó lórí: Ìfẹ́ á dé, màá fà wọ́n lé e lọ́wọ́, á dúró fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èmi á ṣègbéyàwó, lẹ́yìn náà a ó jọ ronú ohun tó kù. Ó ṣe tán, inú Yèyé lòun náà ti jáde.

Ọjọ́rú tó ṣáájú Àjíǹde ló dé. Ó ti sanra díẹ̀, lọ́fínńdà ń ta sánsán lára ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú Yèyé, ó gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀, ó sunkún títí aṣọ wọn fi tutù. Mo ní sùúrù. Mo ní kó sinmi ná, kó jẹun, kó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tó gbé ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀. Ó kó ìgò wáìnì méjì àti páálí ṣokoléètì kan sínú fíríìjì, ó sì ń wá wo iná ní gbogbo ìgbà, kí ṣokoléètì má baà yọ́.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, wọ́n mú iná wá láti àárọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ìfẹ́ ti àga Yèyé wá sídìí tábìlì tí a tẹ́ aṣọ funfun sí nítorí ọdún. Ó gbé ìgò méjèèjì ka ibẹ̀, ó to ṣokoléètì sínú àwo, ó sì gbé gíláàsì tí a fi ń fún àlejò lómi wá, nígbà tí kò sí ife onídìí tẹ́ẹ́rẹ́ irú tiwọn nílé.

"Àǹtí Bímpé, ẹ wá jókòó. Lónìí, mo fẹ́ kí ẹ ṣe ohun tí mo máa ń ṣe lọ́hùn-ún."

"Mo ní aṣọ tí mò ń rán."

"Aṣọ ò ní í sá lọ. Ẹ jókòó jàre."

Mo jókòó. Ó da wáìnì pupa síbẹ̀, kò ju ìdámẹ́ta gíláàsì lọ. Mo nawọ́ sí i.

"Ẹ má tíì mu ún! Ẹ gbé e síbi iná, kí ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ ná."

"Kí n wo kí ni? Wáìnì kọ́ nìyí ni?"

"Ẹ yí i po. Báyìí. Ẹ wá gbóòórùn ẹ̀. Kí lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ òórùn wáìnì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tún un gbọ́."

Mo tún ki imú bọ̀ ọ́. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, mo gbọ́ nǹkan lóòótọ́. Mo gbọ́ òórùn àgbálùmọ̀ tó ti pọ́n jù, mo sì gbọ́ òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo sọ ọ́, ojú ń tì mí díẹ̀. Ìfẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, ẹ fà á mu díẹ̀, ẹ má gbé e mì. Ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu yín ká, kí ẹ wá tu ú síbí." Ó ti abọ́ ìfọwọ́ sún mọ́ mi.

"Kí n tu kí ni? Ìwọ Ìfẹ́dayọ̀, ṣé orí ẹ pé?"

Mo gbé e mì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá mú ṣokoléètì kan tó dúdú kirikiri, ó ní kí n jẹ ẹ́, kí n fi wáìnì lé e kó tó yọ́ tán. Ó korò níbẹ̀rẹ̀ débi pé mo wo abọ́ yẹn lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wáìnì bá a nínú ẹnu mi, ni nǹkan kan bá ṣí sílẹ̀. Ó dùn, ẹ jọ̀ọ́. Ó dùn débi pé inú bí mi.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pé ọmọ olóko kòkó ò mọ ṣokoléètì. Bàbá wa ní oko kòkó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ta ṣokoléètì ní Ìkọ̀lé, mo sì ti jẹ ẹ́ sú. Ohun tí mi ò ṣe rí láàárín ọdún méje ni kí n fi nǹkan sẹ́nu kí n sì jókòó tì í. Orí ìdúró ni mo ti máa ń jẹun. Ìyókù oúnjẹ Yèyé ni mo máa ń fi ṣíbí ha jẹ lẹ́bàá síǹkì. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo jókòó fún odindi wákàtí kan, mo ń tọ́ ọ wò, mo ń jiyàn lé e lórí bí ọ̀mọ̀wé. Mo ní wáìnì funfun yẹn ń bá ahọ́n jà. Mo ní ṣokoléètì oníyọ̀ yẹn, àfi bíi pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó ṣe é. Ìfẹ́ ní kí n rọra o, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ta á.

Àárín ẹ̀rín yẹn la wà tí Yèyé fi gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè. Wọ́n tẹ́ ẹ lé orí ọwọ́ òsì tí kò ṣiṣẹ́, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, wọ́n sì tẹrí ba. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìgbà tó yá ni mo wo tábìlì: aṣọ funfun, wáìnì pupa, àwo kékeré. Wọ́n rò pé Ìdàpọ̀ Mímọ́ ni! Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti gbé e wá fún wọn nílé gbẹ̀yìn, èmi náà ò sì rántí pé ó yẹ kí n ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Yèyé, kì í ṣe Ìdàpọ̀ o," mo ní, mo fẹ́ dìde lọ gbé ìgò kúrò.

Ìfẹ́ ò dúró gbọ́ mi. Ó ti wà lápá ọ̀tún wọn. Ó fi ìka méjì rọra tẹ àgbọ̀n wọn wálẹ̀, ó fi orí ṣíbí bu ṣokoléètì tó ti rọ̀, kò ju orí èékánná lọ, ó fi kan ètè wọn, ó sì dúró. Ó ń wo ọ̀fun wọn. Nígbà tó rí i pé ó ti wọlé, ó fi wáìnì rin ṣíbí náà, ó tún dúró. Yèyé dijú. "Ùn," wọ́n ní. Ó tún bu èyí tí wàrà pọ̀ nínú ẹ̀ fún wọn bákan náà. Ẹ̀kán kan ò dà. Bí èmi bá ń bọ́ wọn, ìdajì ni aṣọ máa ń mu.

"Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?" mo bi í.

"Kí ni?"

"Má bi mí ní kí ni. Ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní òun ò ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí láti ọjọ́ tí òun ti dé ibẹ̀. Ìyá arúgbó kan lòun ń tọ́jú, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, inú ilé ìyá náà lòun ń gbé. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń yí i láàárọ̀ lálẹ́. Ìyá náà fẹ́ràn wáìnì. Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, òun á fi àga onítáyà tì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan létí odò, wọ́n á fún àwọn méjèèjì ní díẹ̀díẹ̀ tọ́ wò pẹ̀lú ṣokoléètì.

"Mo ń tu ú torí pé ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mi ò gbọdọ̀ mutí, èmi ni màá tì í padà sílé."

"Irọ́ ni gbogbo ẹ̀ nígbà náà. Ọdún mẹ́jọ lo fi ń parọ́ fún wa."

"Ti ọ́fíìsì nìrọ́. Wáìnì kì í ṣe irọ́!" Ojú ẹ̀ pọ́n. "Mo ń gbádùn ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí yẹn nìkan ni mo máa ń gbádùn, ẹ ò sì ní í gbà á lọ́wọ́ mi."

Gbogbo Sátidé tí mo fi ń bú u lábẹ́nú, mi ò mọ̀ pé èébú náà kéré. "Ìyá oníìyá lò ń tọ́jú, Ìfẹ́dayọ̀! Ìyá oníìyá lò ń nu nídìí, ìyá tó bí ẹ wà ńbí yìí, èmi tí wọn ò kọ́ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń da oúnjẹ sí i lọ́rùn—"

"Ẹ má pariwo. Yèyé ń gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò wá sí mi lọ́kàn pé wọ́n ń gbọ́. Mo máa ń ké pè wọ́n, mo máa ń kọrin fún wọn, àmọ́ mo ti gbàgbé pé wọ́n ń gbọ́.

Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo sì gbé ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀ níbẹ̀ náà. Mo sọ ti Kọ́lápọ̀, mo sọ ti Sátidé, mo sọ ti olùkọ́ tó wà ní Ìdó. Mo ní oṣù mẹ́ta péré ni mò ń tọrọ. Ìfẹ́ mirí kí n tó sọ ọ́ tán. Ìwé ìgbélùú òun, ó ní, orí iṣẹ́ yẹn ló wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún òun. Bí òun bá fi ọjọ́ kan kọjá ẹ̀, ẹlòmíràn ti wà nínú yàrá òun nìyẹn, iṣẹ́ ti lọ, ìwé náà ti lọ.

"Mi ò lè rìn dé ìkóríta níbẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá wá dúró ti ìyá náà fún mi," ó ní. "Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n tì mọ́lé?"

Mi ò káàánú ẹ̀. Ó yẹ kí n káàánú ẹ̀, àmọ́ ètò tí mo tò lórí ló ń wó lulẹ̀, ariwo ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ibi tí kò yẹ, mo sì sunkún sórí ẹ̀. Sátidé ku ọjọ́ márùn-ún.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ní òun ló máa tọ́jú Yèyé lọ́jọ́ náà, mo ní kó máa ṣe é. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó pẹ̀lú ìbínú. Gbogbo nǹkan ló ń bi wọ́n. Ṣé kí n ṣí fèrèsé? Ṣé aṣọ yìí ni àbí èyí? Ṣé apá ibí ni kí n kọjú yín sí? Á bi wọ́n, á dúró, á máa wo ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn.

"Kí lò ń bi wọ́n fún?" mo ní. "Aṣọ pupa ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti bu ògì wọn sílẹ̀, mo ti fi ṣúgà mẹ́ta sí i bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ."

"Ta ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ?"

"Èmi ni mo sọ ọ́."

Ó lọ síbi fíríìjì, ó mú ṣokoléètì méjì wá, dúdú kirikiri yẹn àti èyí tí wàrà pọ̀ nínú ẹ̀, ó fi wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó nà án síwájú Yèyé. "Ẹ tọ́ méjèèjì wò lánàá. Èwo lẹ fẹ́?" Yèyé wo ìhín, wọ́n wo ọ̀hún. Ìka wọn rọra gbéra, ó sì lọ bá èyí tó dúdú. Mo ní ó kàn ṣèèṣì ni. Ìfẹ́ pa ọwọ́ dà, ó fi èyí tó wà lọ́tùn-ún sósì. Ìka Yèyé tẹ̀ lé dúdú lọ síbẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ògì lọ́wọ́. Ọdún méje, ṣúgà mẹ́ta láràárọ̀, Yèyé sì ń fẹ́ ohun tó korò.

"Àǹtí Bímpé." Ohùn Ìfẹ́ ti rọ̀. "Ọ̀rọ̀ Iye yẹn, ṣé ẹ ti bi wọ́n?"

"Mo ti sọ ohun tí wọ́n wí fún ẹ. Ọjọ́ òkú ìyá Festus."

"Wọ́n ṣì ń rìn nígbà yẹn. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń lọ oko. Láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó sórí àga yìí ńkọ́?"

Mo gbé ògì padà sí kíṣíìnì. Mo dúró níbẹ̀, mo dìídì ń fọ ìkòkò tó mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ lè rò pé ẹ̀rù pé wọ́n á ní rárá ni. Rárá kọ́! Rárá ti mọ́ mi lára, mo ti ń bá a gbé láti ọdún márùn-ún, mo ti fi ṣe àwáwí fún gbogbo ayé. Kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ló ń bà mí lẹ́rù. Ìfẹ́ wá bá mi níbẹ̀, ó pa omi ẹ̀rọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó sì fà mí wá sí pálọ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Yèyé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Yèyé, Kọ́lápọ̀ ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní yàrá wà fún yín nílé òun ní Iye. Bí ẹ bá bá mi lọ, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọlọ́jọ́ á bá yín, mi ò ní í tàn yín. Mo rántí ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá Festus kọjá. Bí ẹ bá ní ibí lẹ fẹ́ wà, a ó jọ wà ńbí, mi ò ní í bínú." Irọ́ ni, màá bínú títí màá fi kú, àmọ́ mo sọ ọ́. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì. "Ọwọ́ ọ̀tún mi ni Ayédé. Ọwọ́ òsì mi ni Iye."

Wọn ò ro ó rárá. Ọwọ́ òsì mi ni wọ́n fọwọ́ kàn.

Mo ní kò yé wọn. Mo pa á dà: ọ̀tún ni Iye, òsì ni Ayédé. Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀tún. Mo tún pa á dà nígbà kẹta, inú sì bí wọn. Wọ́n gbá ọwọ́ tó jẹ́ Iye mú, wọ́n fún un pinpin, wọ́n ní, "Ùn! Ùn!" gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ti rán mi níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tí mo ṣì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìfẹ́ fò sókè, ó ń hó yèè. Èmi, ẹ wò ó, igbe ni mo fi ta. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Mo pariwo ẹ̀ mọ́ obìnrin tí kò lè sọ̀rọ̀. "Láti ọjọ́ yìí wá, Yèyé, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Wọ́n ń wò mí. Wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ìfẹ́ ló tẹ nọ́ńbà Kọ́lápọ̀, tó gbé fóònù sí mi létí. Ọ́fíìsì ló wà, mò ń gbọ́ tí àwọn kan ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

"Yèyé gbà," mo ní.

"Wọ́n gbà kí ni?"

"Iye. Wọ́n á bá mi wá."

"Háà. Kí ló yí wọn lọ́kàn padà?"

Mo lè parọ́. Irọ́ mẹ́ta ló wà lẹ́nu mi, kéékèèké ni wọ́n, kò sẹ́ni tí wọ́n máa pa. "Kò sí ohun tó yí wọn padà," mo ní. "A bi wọ́n ni."

Mo gbọ́ tó dìde, tó pa ilẹ̀kùn dé, ariwo ọ́fíìsì sì dúró. "Bímpé. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí o sọ fún mi pé Yèyé ò gbà..."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ò tíì bi wọ́n nígbà yẹn?"

"Rárá," mo ní. "Mi ò bi wọ́n."

Nígbà tó yá, ó ní kò burú, àwọn á wá ní Sátidé, kí n sọ fún Yèyé pé òun kí wọn. Kò sọ bóyá inú òun dùn. Mi ò sì bi í.